William Withering: Dókítà tó wá ìwọ̀n fún ewé tó ń tún lílù ọkàn ṣe

Bí dókítà bá fi ẹ̀rọ gbọ́ lílù ọkàn aláìsàn kan, tó rí i pé ó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, tí kò sì létò, tí omi tún ń gbárajọ sí aláìsàn náà lẹ́sẹ̀ àti nínú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀kan lára àwọn oògùn tó ṣeé ṣe kó kọ fún un ni digoxin. Hóró kékeré ni oògùn yìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó ni kò mọ̀ pé inú ewé ni wọ́n ti ń yọ ọ́ títí di òní olónìí. Wọn kò sì mọ̀ pé dókítà kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí àádọ́ta lé nígba ọdún sẹ́yìn, tó fi ọdún mẹ́wàá gbáko wá ìwọ̀n tí irú ewé bẹ́ẹ̀ yóò fi wo aláìsàn sàn láìpa á.

William Withering ni orúkọ dókítà náà. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ewé náà lágbára, kò sì fìgbà kan sọ pé òun ni. Ìyá àgbà kan ní ẹkùn Shropshire ti ń fi í wo àwọn èèyàn sàn kí Withering tó gbọ́ nípa rẹ̀. Bí ìmọ̀ ìyá yìí ṣe kúrò nínú àṣírí ìdílé kan, tó wá di ohun tí gbogbo ayé ń lò, ni ìtàn tí a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ọmọ apoògùn tí kò fẹ́ràn ewé

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 1741 ni wọ́n bí Withering ní ìlú Wellington, ní ẹkùn Shropshire kan náà. Edmund, bàbá rẹ̀, ń po oògùn, ó sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú, nítorí pé láyé ìgbà náà, iṣẹ́ méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn. Nídìí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni ọmọdékùnrin náà ti kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìtọ́jú aláìsàn.

Nígbà tó di ọdún 1762, ó lọ sí Yunifásítì Edinburgh ní Skọ́tlándì láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ ló ń wù ú, àfi ẹ̀kọ́ nípa ewé àti egbò. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ náà a máa fi àmì ẹ̀yẹ wúrà ta akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe dáadáa jù lọ́rẹ lọ́dọọdún. Withering kọ lẹ́tà sí àwọn òbí rẹ̀ pé wúrà náà kò lè mú kí òun fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ewé. Ó gboyè dókítà lọ́dún 1766, ó sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ewé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n orí ní í gbéni lọ síbi ire, ẹsẹ̀ kàn ń sìn ín lọ ni. Ìlú Stafford ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti pàdé ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Helena Cookes, tí àìsàn dá gúnlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí Helena fi ń pa ìrònú rẹ́ ni àwòrán òdòdó tó ń yà. Bí dókítà bá ti ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ bẹ àwọn aláìsàn wò, a máa já àwọn òdòdó inú igbó bọ̀ fún un, kó lè rí nǹkan yà. Díẹ̀díẹ̀ ni ọkùnrin tí kò fẹ́ gbọ́ nípa ewé rí bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìyàtọ̀ láàárín ewé kan àti èkejì, ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ń hù sí àti ìgbà tó ń tanná. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1772 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà, Withering tẹ ìwé ńlá kan jáde ní apá méjì, nípa gbogbo ewé àti igi tó ń hù fúnra wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà Carl Linnaeus, ará Swídìn, ló fi tò wọ́n. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, kí àwọn tí kò gbọ́ Látìnì, pàápàá àwọn obìnrin, lè lò ó. Ó tilẹ̀ yọ àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ akọ àti abo òdòdó kúrò nínú rẹ̀, kí ojú má baà ti àwọn ọmọbìnrin tó bá ń kà á.

Wákàtí kan fún tálákà lójoojúmọ́

Ìlú kékeré ni Stafford, owó tó ń wọlé fún dókítà níbẹ̀ kò sì pọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1775, dókítà kan tó gbajúmọ̀ ní Birmingham, William Small, jáde láyé. Erasmus Darwin, oníṣègùn àti akéwì tó jẹ́ bàbá bàbá Charles Darwin tí gbogbo ayé mọ̀, kọ̀wé sí Withering pé kó wá jókòó sí àyè tó ṣófo náà. Withering kò fi falẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀kan lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Lunar Society, níbi tí àwọn bíi James Watt, Matthew Boulton, Josiah Wedgwood àti Joseph Priestley ti máa ń pàdé. Àsìkò tí òṣùpá bá ti ń tóbi ni wọ́n ń ṣèpàdé, kí ìmọ́lẹ̀ lè wà lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá ń padà sílé.

Dókítà Small ní ìwà rere kan kó tó kú. Lójoojúmọ́, ó máa ń fi wákàtí kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní, láti yẹ̀ wọ́n wò láìgba kọ́bọ̀. Withering kò jẹ́ kí àṣà náà kú. Ó ń bá a lọ títí di ìgbà tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn gbogbogbòò ìlú náà lọ́dún 1779, tó sì di ọ̀kan lára àwọn dókítà ibẹ̀. Láàárín 2,000 sí 3,000 aláìní ló ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Lára àwọn èèyàn wọ̀nyí ló ti rí ẹ̀kọ́ tí kò rí kọ́ ní yunifásítì.

Ìyá àgbà tí kò lórúkọ

Lọ́dún 1775 kan náà, wọ́n gbé àgbo ìdílé kan wá fún Withering pé kó sọ èrò rẹ̀ nípa rẹ̀. Àrùn ara wíwú ni wọ́n ń fi àgbo náà wò. Láyé ìgbà náà, ẹni tí àrùn yìí bá ti mú kò ní ìrètí púpọ̀. Ẹsẹ̀ a kọ́kọ́ wú, ikùn a tẹ̀lé e, omi a sì dé ẹ̀dọ̀fóró, débi pé aláìsàn kò ní lè dùbúlẹ̀ sùn, ìjókòó ni yóò máa fi mí títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Lónìí, a mọ̀ pé ọkàn tó ti rẹ̀ ni ó sábà máa ń fa èyí. Nígbà náà, omi nìkan ni wọ́n ń rí.

Ìyá àgbà kan ní Shropshire ló ni àgbo náà, ó sì ti pẹ́ tó ti fi í ṣe àṣírí. Ìgbà mìíràn wà tó máa ń wo àwọn tí dókítà ti dá dúró sàn. Ogún ewé, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mu ún yóò bì, yóò sì yàgbẹ́ gidigidi. Ẹlòmíràn ì bá ti fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn pé iṣẹ́ àwọn ará oko ni. Withering wò ó wò ó, pẹ̀lú ojú ẹni tó ti fi ọdún díẹ̀ já òdòdó fún ìyàwó àfẹ́sọ́nà, ó sì rí i pé nínú gbogbo ewé yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ló lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Foxglove ni wọ́n ń pe ewé náà.

Foxglove kì í ṣe àjèjì ní Yúróòpù. Òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò rí bí ìbọ̀wọ́ ìka, ìdí nìyẹn tí Leonhart Fuchs, ará Jámánì, fi sọ ọ́ ní digitalis lọ́dún 1542, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí ìka ọwọ́. Àwọn èèyàn ti ń lò ó fún egbò àti fún wárápá. Wọ́n sì mọ̀ pé májèlé ni, pé ó ti pa èèyàn rí.

Withering kò kọ orúkọ ìyá náà sílẹ̀ níbì kankan. Lọ́dún 1928, ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Amẹ́ríkà fi àwòrán kan polówó ọjà, níbi tí dókítà àti ìyá àgbà kan ti pàdé, wọ́n sì fún ìyá náà lórúkọ tí wọ́n hùmọ̀ fúnra wọn, ìyẹn Mother Hutton. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ti gba orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ láti ìgbà náà. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ gan-an títí dòní.

Ọdún mẹ́wàá nídìí ìwọ̀n

Mímọ ewé náà kò tíì tó. Ìṣòro tó kù ni iye tó yẹ kéèyàn mu. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Withering kò sì tètè mọ ìwọ̀n yìí. Àwọn aláìní tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ló kọ́kọ́ fún ní oògùn náà, ó sì gbà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé èyí tí òun ń fún wọn níbẹ̀rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé òun sì ń jẹ́ kí wọ́n lò ó pẹ́ jù. Èèbì a máa gbé wọn ṣánlẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru a sì rẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ ká má gbàgbé èyí nígbà tí a bá ń yìn ín: ara àwọn tálákà Birmingham ni ìmọ̀ náà ti jáde.

Ó sè é bí àgbo, ó rí i pé kò dúró sójú kan, bí èyí tó sè lónìí bá le, ti ọ̀la lè má le tó bẹ́ẹ̀. Ó wá ń da omi gbígbóná lé e lórí, kó lè rẹ fúngbà díẹ̀. Ó tún ṣàkíyèsí pé ìgbà tí wọ́n já ewé náà ń yí agbára rẹ̀ padà. Nítorí náà, ó fi òfin lélẹ̀ fúnra rẹ̀: àsìkò tí òdòdó rẹ̀ bá ń tanná ni kí wọ́n já a, kí wọ́n yọ igi àárín ewé kúrò, kí wọ́n sá a sóòrùn tàbí kí wọ́n yan án níwájú iná, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ kúnná. Ìyẹ̀fun yìí ló wá ń wọ̀n fún àgbàlagbà, ìwọ̀n grain 1 sí 3 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Grain kan kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù.

Láàárín àkókò náà, John Ash, dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Birmingham, sọ fún un pé olórí Brasenose College ní Oxford, Ralph Cawley, ti fi gbòǹgbò foxglove rí ìwòsàn lẹ́yìn tí àwọn àgbà oníṣègùn ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìròyìn yìí fún un lókun láti tẹ̀ síwájú.

Òfin tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni ti ìgbà tó yẹ kéèyàn dáwọ́ dúró. Ó ní kí wọ́n máa fún aláìsàn ní oògùn náà títí yóò fi ṣiṣẹ́ lára kíndìnrín, tàbí inú, tàbí lílù iṣan ọwọ́, tàbí ìfun. Èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ hàn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ó kọ àwọn àmì májèlé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: èébì, òòyì, kí ojú máa rí nǹkan bí àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìyeyè, kí lílù ọkàn falẹ̀ dé bí 35 láàárín ìṣẹ́jú kan, òógùn tútù, gìrì, dídákú àti ikú. Dókítà tó bá ń kọ digoxin fún aláìsàn lónìí ṣì ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì wọ̀nyí.

Ìjà òun àti Darwin

Ọ̀rẹ́ tó pè é wá sí Birmingham náà ló wá di ẹni tí wọ́n jọ ta kora. Ní oṣù keje ọdún 1776, Darwin ń tọ́jú obìnrin kan tí omi ti kún inú rẹ̀, ó sì ní kí Withering wá bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Withering dábàá foxglove, wọ́n fún obìnrin náà, ara rẹ̀ sì yá. Lọ́dún 1780, Darwin tẹ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ kan tó ti di olóògbé jáde, ó sì fi ìròyìn nípa foxglove kún un, títí kan ti obìnrin yìí, láìdárúkọ Withering rárá. Ó tún kọ òmíràn lórí ọ̀rọ̀ kan náà lọ́dún 1785. Àárín àwọn méjèèjì kò gún mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà.

Withering fúnra rẹ̀ kò tíì fẹ́ tètè kọ̀wé. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dá òun lójú dáadáa. Ṣùgbọ́n òkìkí ewé náà ti ń kàn, ó ti wọ ìwé àwọn apoògùn Edinburgh lọ́dún 1783, ẹ̀rù sì ń bà á pé àwọn tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ yóò fi pa èèyàn, àwọn aráàlú yóò sì pa oògùn rere tì. Ní oṣù keje ọdún 1785, ó parí ìwé rẹ̀ lórí foxglove, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Birmingham lọ́dún náà.

Àwọn aláìsàn tó lé ní 150 ló kọ ìròyìn wọn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jẹ́ kí àwọn oníṣègùn máa bọ̀wọ̀ fún ìwé náà títí dòní ni pé kò ṣa àwọn tó yè sọ́tọ̀. Àwọn tó kú wà níbẹ̀, àwọn tí oògùn kò ràn wà níbẹ̀, àwọn tí òun fúnra rẹ̀ fún ju bó ṣe yẹ lọ náà wà níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ìwé náà ì bá wu èèyàn jù bí òun bá kó èyí tó dára nìkan síbẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ì bá fara gbá a.

Ìlú dàrú, ikọ́ kò sì lọ

Nígbà tó fi di àsìkò yìí, Withering ti di ọlọ́rọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Royal Society, gbà á wọlé lọ́dún 1785. Òkúta kan tó ṣàwárí ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Abraham Werner, fi orúkọ rẹ̀ sọ, tí wọ́n ń pè ní witherite títí dòní. Ilé ńlá kan, Edgbaston Hall, ló ń gbé láti ọdún 1786.

Ní oṣù keje ọdún 1791, ìgboro Birmingham dàrú. Àwọn jàǹdùkú bínú sí Joseph Priestley àti àwọn tó ń ti ìyípadà ìjọba ilẹ̀ Faransé lẹ́yìn, wọ́n dáná sun ilé Priestley, wọ́n sì yí sí àwọn ilé mìíràn. Wọ́n dé Edgbaston Hall pẹ̀lú. Withering ti ń kó àwọn ìwé àti ewé gbígbẹ rẹ̀ sá, ṣùgbọ́n àwọn ológun dé kí wọ́n tó ba ilé náà jẹ́.

Ìjà mìíràn wà tí kò sí ológun tó lè bá a jà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ó lọ lo ìgbà òtútù ọdún 1792 sí 1793 àti ti ọdún tó tẹ̀lé e ní Pọ́rtúgàl, níbi tí oòrùn ti ń mú. Níbẹ̀ náà, kò jókòó lásán, ó yẹ omi gbígbóná tó ń sun ní Caldas da Rainha wò láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, ọdún 1799 ló jáde láyé, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Edgbaston ni wọ́n sin ín sí, wọ́n sì gbẹ́ òdòdó foxglove sára òkúta ìrántí rẹ̀.

Ohun tí kò mọ̀ kó tó kú

Withering rò pé kíndìnrín ni ewé náà ń bá ṣiṣẹ́ jù, nítorí pé aláìsàn máa ń tọ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, ó ṣàkíyèsí pé ó ní agbára lórí lílù ọkàn, ju oògùn èyíkéyìí tí wọ́n tíì mọ̀ nígbà náà lọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí agbára yìí wúlò lọ́jọ́ iwájú. Ó tó nǹkan bí ọgọ́fà ọdún kí wọ́n tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó.

James Mackenzie, dókítà ará Skọ́tlándì tó ń ṣiṣẹ́ ní Burnley, fi ẹ̀rọ gba àkọsílẹ̀ bí iṣan ṣe ń lù, ó sì rí i pé àwọn tí ọkàn wọn kò létò ni digitalis ń ṣe lóore jù. Willem Einthoven, ará Nẹ́dálándì, wá gbé ẹ̀rọ tó ń ya iná ọkàn jáde, Thomas Lewis sì fi í ṣàlàyé àrùn náà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1909. Ọkàn ní yàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Nínú àrùn yìí, àwọn yàrá òkè kì í lù mọ́, gbígbọ̀n ni wọ́n ń gbọ̀n, ó lé ní 300 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹnubodè kan ló wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Bí oníbodè bá jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù kọjá, ìsàlẹ̀ yóò máa sáré débi pé ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kún inú rẹ̀ kó tó tú u jáde. Digitalis kì í dá òkè padà sípò. Ó ń fún oníbodè lágbára láti dá ọ̀pọ̀ padà ni, ìsàlẹ̀ yóò sì lù wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò tún fún pọ̀ dáadáa sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń lọ bó ṣe yẹ, kíndìnrín yóò rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, omi yóò sì jáde. Ìtọ̀ tí Withering rí, láti inú ọkàn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1930, Sydney Smith yọ digoxin jáde láti inú ewé tó jẹ́ ìbátan foxglove, èyí sì fòpin sí wàhálà ewé tó le lónìí tí kò le lọ́la. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 1997, tí wọ́n fi 6,800 aláìsàn ṣe, fi hàn pé fún àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń lù létòlétò, digoxin kò dín ikú kù, àmọ́ ó dín wíwọ ilé ìwòsàn kù. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Birmingham, ìlú Withering gan-an, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn tuntun kan, bisoprolol, lára 160 àgbàlagbà tí ọkàn wọn kò létò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìgbádùn ayé àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìpalára tí oògùn ń ṣe fún ara kéré lọ́dọ̀ àwọn tó lo digoxin níwọ̀nba.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí dókítà bá ti kọ digoxin fún, ẹ má fi hóró kan kún iye tí wọ́n ní kí ẹ lò, bó ti wù kí ara máa ni yín tó. Bí kíndìnrín bá ń ṣòjòjò, tàbí tí èròjà potassium bá dín nínú ẹ̀jẹ̀, bó ṣe máa ń rí fún àwọn tó ń lo oògùn tó ń mú wọn tọ̀, ìwọ̀n tó dára lánàá lè di májèlé lónìí. Bí oúnjẹ kò bá wù yín jẹ mọ́, tí èébì ń gbé yín, tí ojú sì ń rí àwọ̀ ìyeyè, ẹ tètè lọ rí dókítà. Ẹ sì sọ gbogbo oògùn àti àgbo mìíràn tí ẹ ń lò fún un.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ́ ti àwọn tó mọ ewé láàárín wa. Àgbo ìyá Shropshire yẹn ti wo èèyàn sàn, ó sì ṣeé ṣe kó ti pa èèyàn, kò sí ẹni tó lè sọ iye, nítorí pé kò sí àkọsílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àṣírí náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń wọ̀n, tó ń kọ, tó sì ń sọ èyí tí kò dára pẹ̀lú èyí tó dára. Ẹni tó bá jogún ewé kan lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá rẹ̀, kó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó ṣì wà láyé. Kí ẹni tó bá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ má gbàgbé láti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.